Mo Gbọ́ Nígbà Tó Ní Iná Ti Sùn

Ẹ̀yin aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ dá maṣíìnì dúró díẹ̀. Èmi tí ẹ ń pè ní Ẹnu Àlùmọ́gàjí ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, ara mi ni mo sì fẹ́ fi ẹnu náà gé lónìí. Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì láti ọdún méjìlélógún kọ̀, kò dà nínú mi. Ó tó gẹ́ẹ́, mo fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde lójú gbogbo yín. Dókítà ti yẹ inú mi wò, ó ní ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mo bi í pé oṣù mélòó ló kù fún mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀. Mo ní, "Dókítà, bàtà yín ò ṣàìsàn o. Èmi ni mò ń ṣàìsàn, èmi ni kẹ́ ẹ wò." Ìgbà náà ló sọ ọ́. Kò pọ̀. Mi ò sunkún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kó tètè rán bọ́tìnnì tó fẹ́ já lára kóòtù rẹ̀ kó tó bọ́ sínú ikùn aláìsàn kan. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ mí, mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀rù láyé yìí, obìnrin kan tí kò gbé ohùn sókè sí mi rí ni.

Èmi fúnra mi ni mò ń kọ èyí. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà nílé ìwé. Ara páálí òwú àti àwọn ìwé ìròyìn tí a fi ń gé pátánì ni mo ti kọ́ ìyókù. Bí ẹ bá rí lẹ́tà tó wọ́, ẹ fò ó. Ohun tó wọ́ jù wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́ jóná. Gbogbo yín náà lẹ mọ ẹni tí wọ́n ní ó jó o. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, ẹni tó ń bá mi lọ aṣọ. Àwọn kan nínú yín ni wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ajóṣọ́ọ̀bù, tí orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àmọ̀. Irọ́ ni. Èmi ni mo dáná sun ṣọ́ọ̀bù mi. Mo tún un sọ, kí ẹnì kan má lọ ní òun ò gbọ́ dáadáa: ẹ̀gbọ́n mi ò fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tan iná, èmi náà ni mo sì fi ẹnu ara mi di ẹ̀bi rẹ̀ rù ú.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà, torí ibi tí nǹkan wà nínú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Yàrá gígùn kan ni. Maṣíìnì mẹ́rin wà lábẹ́ fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ wà láàárín, tábìlì ẹ̀gbọ́n mi sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọlọ́wọ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ òsì ló fi ń lọ aṣọ, torí náà apá òsì tábìlì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lára ògiri, apá òsì ni òkúta pẹlẹbẹ tó ń gbé áyọ́ọ̀nù lé wà, apá òsì náà ni ìṣó tó ń fi okùn rẹ̀ kọ́ wà. Káfíńtà tó ṣe tábìlì náà wò ó títí, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yìn ni tábìlì yìí ń rìn o." Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé, "Jẹ́ kó máa rìn lọ, ṣebí èmi ni mo fẹ́ bá a rìn." Nǹkan méjì péré ló ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe láyé ẹ̀: oúnjẹ àti ìwé kíkọ. Tíṣà ló fi rúlà lé bírò kúrò lọ́wọ́ òsì rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Òun ló máa ń sọ fún mi bí rúlà náà ṣe ń dún.

Ó ní ìpè kan tó máa ń pè. Ní ọdún kan, kó tó di ti iná, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣòkòtò ọkùnrin kan tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ wá iṣẹ́. Ojú áyọ́ọ̀nù hàn ní ìdí ṣòkòtò náà bí òǹtẹ̀. Ọkùnrin náà gbé e wọ̀, ó lọ, wọ́n sì gbà á síṣẹ́, ó ní òun ò kọ ẹ̀yìn sí wọn títí tí òun fi jáde. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti fẹ́ kógbá wọlé, á yọ púlọ́ọ̀gì, á ká okùn, á gbé e kọ́ sórí ìṣó, á wá ké pé, "Iná ti sùn o!" Gbogbo wa gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Kó má ta pútú!" Bí a ò bá dáhùn, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde. Oníbọ́tìnnì, ìyẹn obìnrin tó ń bá wa rán bọ́tìnnì, á fa tiẹ̀ gùn bí ẹni ń kọrin: "Kó má ta pútúúú!" Oníbàtà tó wà ní òdìkejì títì mọ ìpè yẹn débi pé òun ló fi ń mọ̀ pé aago mẹ́rin ti lù.

Ìgbéraga ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà. Ilé ìwòsàn ńlá kan gbé aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì fún mi rán, ọ̀ọ́dúnrún. Èmi ni mo lọ ra aṣọ náà, aṣọ funfun tó ń dán, mo sì gbé e wọlé bí ẹni gbé ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kàn án, ó rà á láàárín ìka. Ó ní, "Àbúrò, fi omi tọ́ aṣọ yìí wò kó o tó ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Ó ń ṣe mí bákan." Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ yìí nínú yín mọ̀ pé ohun tí a kọ́kọ́ ń kọ́ nìyẹn. Èmi ni mo kọ́ àwọn kan nínú yín! Ṣùgbọ́n báwo ni n óò ṣe gbà kí ẹni tó ń lọ aṣọ kọ́ mi níṣẹ́ lójú àwọn òṣìṣẹ́ mi? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù ni tiyín. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gé aṣọ máa gé e." Àwọn tó wà ní ìdí maṣíìnì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì padà sí ìdí tábìlì rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gé gbogbo rẹ̀ pátá.

Nígbà tí a rán àkọ́kọ́ tán, ó da aṣọ tútù bò ó, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Èéfín omi sọ. Nígbà tó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, aṣọ náà ti súnkì. Mo na téèpù sí apá rẹ̀, ìka mẹ́rin ti lọ. Mo na án sí àyà, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀ọ́dúnrún aṣọ, gígé tán, tí kò ní wọ ọrùn ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìfọ̀ kan. Mo ń dúró kó sọ pé, "Ṣebí mo sọ fún ẹ." Kò sọ ọ́. Ó rọra ká aṣọ náà, ó ní, "Wọn ò ní pa wá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, jẹ́ ká lọ bá wọn, ká sọ pé àṣìṣe ni. Èmi á tẹ̀ lé ẹ. Èmi ni màá sọ̀rọ̀ bí ẹnu ẹ bá wúwo." Ẹnu mi! Ẹnu mi tí kì í wúwo. Ní òru ọjọ́ náà, mo ń rò ó bí àwọn aránṣọ yòókù á ṣe máa sọ ọ́ pé Ẹnu Àlùmọ́gàjí ò mọ̀ pé a ń fi omi tọ́ aṣọ wò. Ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀rù ẹ̀rín yín. Ẹ ò rí nǹkan. Torí ẹ̀rín yín ni mo ṣe sun ilé.

Ọjọ́ Sátidé ni. Aago mẹ́rin lù. Àwọn tó ń rán aṣọ ti lọ láti ọ̀sán, ó ku èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti Oníbọ́tìnnì. Ẹ̀gbọ́n mi yọ púlọ́ọ̀gì. Mo rí i. Ó ká okùn, ó fi kọ́ sórí ìṣó. Mo rí i. Ó ní, "Iná ti sùn o!" Oníbọ́tìnnì fa tiẹ̀ gùn. Èmi náà dáhùn, bí mo ṣe ń dáhùn lójoojúmọ́, "Kó má ta pútú." Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe nígbà tí mo ń dáhùn un.

Nígbà tó di aago márùn-ún ààbọ̀, oòrùn ṣì ń ràn, mo gba ẹ̀yìn padà wọlé. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà fún ilẹ̀kùn yẹn, ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kó aṣọ nọ́ọ̀sì jọ sórí tábìlì rẹ̀. Mo já áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ìṣó, mo ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo yí i dé ibi tó gbóná jù. Mo wá gbé e dojú bolẹ̀ lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì ìlọṣọ rẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni èmi. Apá ọ̀tún tábìlì ni mo gbé e sí, okùn rẹ̀ sì na kọjá lórí tábìlì láti òsì. Mi ò tiẹ̀ kíyè sí i. Ọwọ́ mi ló ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Mo dúró títí bùláńkẹ́ẹ̀tì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gba ọ̀dọ̀ onídìrí lọ.

Orí mi wà nínú báṣíìnì, ọṣẹ wà lójú mi, nígbà tí ariwo ta. Onídìrí wo ìta, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù yín ni o!" Mo sáré pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ lórí, omi ń ro sí mi lẹ́yìn. Àwọn ènìyàn ń sọ pé, "Ẹ wo bó ṣe dùn ún tó." Lóòótọ́ ló dùn mí. Mi ò mọ̀ pé maṣíìnì máa ń dún bí ó bá ń jó. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé ṣáájú mi, bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin méjì ló dì í mú. Ó ń jà mọ́ wọn lọ́wọ́, ó ń ké pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀! Maṣíìnì àbúrò mi! Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀kan!" Nígbà tí àwọn panápaná fi dé, ògiri ló kù.

Mo ti ra ìnṣọ́ránsì sórí ṣọ́ọ̀bù náà ní ọdún méjì ṣáájú. Mo rò pé n óò kọ lẹ́tà, wọn á sanwó, ó tán. Iléeṣẹ́ adójútòfò kọ̀wé padà pé àwọn ò tíì gbà, pé iná náà mú ìfura lọ́wọ́. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń kúnlẹ̀ sínú àjókù fún wákàtí bíi mélòó kan. Oníbọ́tìnnì sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Eérú, torí orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ló fi ń gbálẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ ọwọ́. Ó ya fọ́tò gbogbo nǹkan. Ó ní orí tábìlì áyọ́ọ̀nù ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní irin púlọ́ọ̀gì ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ní ẹnikẹ́ni ò fọ́ ilẹ̀kùn. Ó kọjá lọ bá oníbàtà, oníbàtà sì sọ fún un nípa ìpè náà, ó ní òun ò sí ní ìsọ̀ ní Sátidé yẹn ni, òun ì bá ti jẹ́rìí. Ọ̀gbẹ́ni Eérú padà wá bá mi. Ó ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Bí ẹ bá gbọ́ ìpè ní ọjọ́ yẹn, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti yọ iná, ẹnì kan tó ní kọ́kọ́rọ́ ló sì padà wá tàn án. Ọlọ́pàá ló ni ìyẹn. Bí ẹ ò bá gbọ́ ìpè, ìgbàgbé ni. Iléeṣẹ́ wa ń sanwó ìgbàgbé." Ó ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí ọ́fíìsì òun ní Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀dọ̀ Oníbọ́tìnnì ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣebí a gbọ́ ọ. Èmi náà dáhùn, àní mo fa tèmi gùn." Mo ní, "Dákẹ́, kó o tẹ́tí sí mi. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín." Mo ní, "Ó dáa. Bó o bá ní o gbọ́ ìpè, ta ni wọ́n máa gbé? Wọ́n á ní òun ló padà wá. Ṣé o fẹ́ kí ìyá yẹn sun àtìmọ́lé? A kì í gbé ènìyàn torí ìgbàgbé." Obìnrin náà sunkún, ó sì gbà, torí ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ rí irú ẹni tí mo jẹ́? Ìfẹ́ tó ní sí i ni mo fi dè é lẹ́nu. Ó ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Ó kú pẹ̀lú irọ́ tí mo kọ́ ọ, kò sì mọ̀ pé èmi ni irọ́ náà ń gbà là.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ló burú jù, torí díẹ̀díẹ̀ ni mo ṣe é. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì iná ó ní, "Mo yọ ọ́, mo mọ̀ pé mo yọ ọ́." Mo ní, "Ó lè jẹ́ ti ọjọ́ Fráídè lẹ rántí." Ní ọjọ́ kẹta mo ní, "Èmi ò kàn rántí pé mo dáhùn." Ní ọjọ́ kẹrin mo ní, "Ó rẹ̀ yín ní ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní orí ń fọ́ yín." Orí ò fọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ ọ́fíìsì, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Àbúrò, mo ń wò ó pé mo fi í sílẹ̀. Mo ń rí i báyìí. Mo ń rí i níbi tó wà, tó ń gbóná." Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni obìnrin yìí ń rí. Èmi ni mo ya àwòrán náà sí i lójú, aránṣọ tó mọ bí a ṣe ń lẹ aṣọ mọ́ aṣọ tí ojú rírán ò ní hàn.

Ọ́fíìsì náà kéré, fáìlì kún un débi pé orí fáìlì ni Oníbọ́tìnnì jókòó lé. Ọ̀gbẹ́ni Eérú bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè pé, "Ṣé ẹ ké ìpè yín ní ọjọ́ náà?" Ó ní, "Mo rò pé mo ké e, ọ̀gá." "Ẹ rò ni, àbí ẹ mọ̀?" Ó yíjú sí mi. Ẹ gbọ́ mi o, ó yíjú sí mi bí ọmọdé ṣe ń yíjú sí ìyá rẹ̀ níwájú àlejò. Mo ní, "Mi ò gbọ́ ọ." Oníbọ́tìnnì wo ilẹ̀, ó ní, "Èmi náà ò gbọ́." Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ó ní, "A jẹ́ pé mi ò ké e nìyẹn."

Ọ̀gbẹ́ni Eérú ò tíì parí. Ó fa fọ́tò kan yọ, ó ní, "Nǹkan kan ń dùn mí lọ́kàn. Ẹ wo wáyà yìí bó ṣe na kọjá lórí tábìlì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní òsì, òkúta wà ní òsì, áyọ́ọ̀nù wà ní ọ̀tún. Tábìlì ọlọ́wọ́ òsì ni èyí, ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló gbé áyọ́ọ̀nù síbẹ̀." Ó ti bírò àti ìwé ẹ̀rí síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi buwọ́ lù ú," ó sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo ẹnu ihò. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ọ̀tún mú bírò. Ọwọ́ tí tíṣà fi rúlà kọ́. Ó kọ orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa, káfíńtà ló ṣe tábìlì yẹn wọ́nkuwọ̀nku nígbà náà," ó sì pa fáìlì dé. Ọ̀rọ̀ kan péré ì bá gbà á là: ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó wà lẹ́nu mi. Ẹnu tó ti bú ọlọ́pàá, tó ti lé onílé, tó ti dá ọba àwọn aránṣọ lóhùn ní ìpàdé, kò ṣí.

Ibẹ̀ kọ́ ni ibi tó burú jù. Bí a ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú àwọn akọ̀wé àti gbogbo ẹni tó tò sórí ìlà, ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ fún mi. Ẹni tó pọ̀n mí! Ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ! Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní, "Àbúrò mi, mo ti ba ayé ẹ jẹ́. Dákun, dárí jì mí." Àwọn ènìyàn ń wò wá. Mi ò kúnlẹ̀ tì í. Mi ò fà á dìde kíákíá. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa, mo sì ní, "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti dárí jì yín." Mo ti dárí jì yín! Bí Ọlọ́run bá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, gbólóhùn yẹn ló máa bi mí.

Wọ́n sanwó. Mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ mọ̀ mí mọ́, ẹ̀yin náà wá bá mi yọ̀. Ilé ìwòsàn ní kí n pẹ̀lẹ́, wọ́n sì gbé aṣọ mìíràn fún mi rán. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi omi tọ́ ọ wò. Ẹ̀gbọ́n mi kò fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù mọ́. Obìnrin tó lè lọ aṣọ títí ojú rẹ̀ á fi dán bí omi, ọdún méjìlélógún ló fi wọ aṣọ híhunjọ káàkiri, tí ẹ sì ń sọ pé ọ̀lẹ ni, tí ẹ ń sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Bó bá jáde nílé, á padà lẹ́ẹ̀mẹta lọ fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń tan iná ìdáná fún un. Ẹnikẹ́ni ò gbà á síṣẹ́, èmi ni mo sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un, tí ẹ̀ ń yìn mí pé mo láàánú.

Lẹ́yìn tí dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀, mo lọ bá a. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí aṣọ tó súnkì dé orí ìfófòó ọṣẹ. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí. Ó ní, "Àbúrò mi, ẹnu ẹ mú, ṣùgbọ́n ọkàn ẹ rọ̀ ju òwú lọ. O fẹ́ kí n kú pẹ̀lú ìrọ̀rùn lo ṣe ń purọ́ mọ́ ara ẹ. Mo rántí ohun tí mo ṣe. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i." Mo búra. Ó ní kí n má búra irọ́ torí òun. Mo gbé fọ́tò inú ìwé ìnṣọ́ránsì mi fún un, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ṣú, kò rí i mọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń sunkún, òun ló sì ń rẹ̀ mí lẹ́kún! Mo ti purọ́ dáadáa débi pé òótọ́ mi ò ríbi wọlé.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé áyọ́ọ̀nù kan lọ, tútù, mi ò fi kanná. Mo ní kí ọmọ rẹ̀ tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi hàn mí. Ẹ gbé e síbi tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ sí lọ́jọ́ náà." Ó kọ́kọ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo fi ọwọ́ rẹ̀ lé e. Ọwọ́ òsì gbà á. Ó gbé e síwá, ó gbé e sẹ́yìn, bí ẹni tí kò dá a dúró rí, ó wá gbé e kalẹ̀ sí apá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Mo ní, "Ṣé ibẹ̀ ni?" Ó ní, "Ibẹ̀ ni. Ibo ni ǹ bá tún gbé e sí?" Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á kọjá lórí tábìlì, títí dé etí tábìlì ní ọ̀tún. Mo ní, "Ibí ni wọ́n ti bá a. Ọ̀gbẹ́ni Eérú sọ ọ́ lójú yín. Ọwọ́ ta lèyí?"

Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, láti òsì sí ọ̀tún, ó ń wọn ọ̀nà náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní, "A jẹ́ pé mo ké e."

Mo ní, "Ẹ ké e."

"O sì gbọ́ mi."

"Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi. Mo tiẹ̀ dáhùn."

Mo kúnlẹ̀. Mo ń dúró de èébú, mo ń dúró de ìgbátí. Ó ní, "Máa lọ. Bó o bá ń lọ, pa ilẹ̀kùn dé." Kò ní òun dárí jì mí, mi ò sì bi í. Láti ọjọ́ náà, kò tíì gbà kí n wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, bí ẹ bá ba aṣọ jẹ́, ẹ sọ pé ẹ bà á jẹ́, kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín, kó tán síbẹ̀. Ó tán. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà kò ju ọ̀kan lọ, kì í sì í ṣe pé kẹ́ ẹ dárí jì mí. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé ìyá òun gba áyọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́ òun, ó ní kí òun fi kanná, ojú tí kò ríran náà ló sì fi ń lọ gbogbo aṣọ tó wà nínú ilé, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tó hunjọ. Ó ní nígbà tó bá di aago mẹ́rin, á fa púlọ́ọ̀gì yọ, á sún mọ́ fèrèsé, á ké pé, "Iná ti sùn o!" Á wá dúró. Á tẹ́tí. Ọmọ náà ò mọ ohun tí a ń dáhùn, kò tíì dáyé nígbà náà. Èmi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò yẹ fún un mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè é ní Ìyá Ajóṣọ́ọ̀bù, ẹ mọ ilé rẹ̀. Bí aago mẹ́rin bá lù, ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ẹ gba abẹ́ fèrèsé yẹn kọjá, ẹ sì fún obìnrin náà ní ìdáhùn rẹ̀. Ẹ fà á gùn.